Oúnjẹ Yorùbá Láìsí Ẹran àti Ẹja: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ojú ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ dẹ́kun ẹran àti ẹja jíjẹ nítorí ìlera àti okun ara, tó sì ń dáná oúnjẹ ilẹ̀ wa: àmàlà, iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́. Ohun tí ẹ bá fi rọ́pò ẹran ló máa pinnu bí ara yín yóò ṣe rí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ tí kò bá wọn lára mu kàn yọ ẹran kúrò ni, wọ́n wá bu òkèlè kún òkèlè. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi gba ààyè tó pọ̀ nínú àwọn ìdáhùn wa.

Tí wọ́n bá ní èèyàn kì í jẹ ẹran, kí ni kò gbọ́dọ̀ jẹ? Ẹyin àti wàrà ńkọ́?

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Àwọn kan kì í jẹ ẹran, adìyẹ, ẹja, edé àti ìgbín, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ẹyin àti wàrà, wọ́n sì ń mu mílíìkì. Àwọn kejì kì í fẹnu kan ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá, títí kan oyin. Àwọn èèyàn máa ń béèrè nípa pọ̀nmọ́ gan-an: awọ màlúù ni, ẹran ni.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kó dúró sí oríṣi àkọ́kọ́ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Ẹyin àti wàrà á dí ọ̀pọ̀ àlàfo tí ẹran fi sílẹ̀, ẹ ó sì ráyè kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà lóríṣiríṣi kó tó di pé ẹ ń ronú nípa ìgbésẹ̀ kejì.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ń dín àìsàn kù?

Fún àwọn àìsàn kan, bẹ́ẹ̀ ni. Yunifásítì Loma Linda ní California ti ń ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ìjọ Adventist láti ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kì í jẹ ẹran, àwọn ìyókù sì ń jẹ ẹ́. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, lára èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 60, ìdá 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń jẹ ẹran ló ní ìtọ̀ ṣúgà. Láàárín àwọn tó ń jẹ ẹyin àti mílíìkì nìkan, ìdá 3.2 ni, láàárín àwọn tí kì í jẹ ohun ẹranko rárá, ìdá 2.9 ni. Àwọn tí kì í jẹ ẹran kò sì sanra tó àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìròyìn náà ní apá kejì, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ. Ìwádìí ńlá kan tí Yunifásítì Oxford tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé àìsàn ọkàn fi ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lára àwọn tí kì í jẹ ẹran, ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 20 pọ̀ sí i lára wọn. Àìtó fítámínì B12 wà lára àwọn ohun tí àwọn olùwádìí náà fura sí. Torí náà, ẹ má rò pé kéèyàn ṣáà ti fi ẹran sílẹ̀ ti tó.

Ṣé pùrótéènì máa tó mi láìsí ẹran?

Ó máa tó, bí ẹ bá ń jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Àgbàlagbà nílò pùrótéènì bíi gíráàmù 0.8 sí 1 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Ẹni tó wọn kílò 70 nílò gíráàmù 56 sí 70 lójúmọ́. Ẹ wá wo àwo iyán tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀: ẹran méjì tó wà lórí rẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù 60 lọ, pùrótéènì inú rẹ̀ sì tó bíi 15. Àlàfo tí ẹ fẹ́ dí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ẹ̀wà sísè gíráàmù 180, tó kún ìgbakọ méjì tó mọ níwọ̀n, á fún yín ní bíi 14.

Agolo mílíìkì kan tó kún fún ẹ̀wà gbígbẹ wọn nǹkan bíi gíráàmù 135, pùrótéènì inú rẹ̀ sì tó 30. Bí ẹni kan bá jẹ agolo ẹ̀wà kan tán láàárín àárọ̀ sí alẹ́, ní mọ́ínmọ́ín, àkàrà, gbẹ̀gìrì tàbí ẹ̀wà rírò, ó ti rí ìdajì ohun tó nílò. Ìyókù á wá láti inú ẹ̀pà (nǹkan bíi gíráàmù 25 nínú gíráàmù 100), ẹ̀gúsí (bíi 28), sóyà gbígbẹ (bíi 36), ẹyin (6 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan), àti ìrẹsì, àgbàdo tàbí ọkà bàbà tí ẹ bá jẹ.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni gààrí àti èlùbọ́. Pùrótéènì inú ẹ̀gẹ́ kéré gan-an, kò ju bíi gíráàmù 1 nínú gíráàmù 100 gààrí. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ilá lásán lọ́sàn-án, tó tún mu gààrí lálẹ́, kò tíì jẹ oúnjẹ gidi lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó yó tó. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ òkèlè, ẹ fi gbẹ̀gìrì tàbí ẹ̀gúsí jẹ ẹ́. Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú jẹ́ oúnjẹ tó pé láìsí ẹran kankan, bí gbẹ̀gìrì náà bá ki, tó sì pọ̀ ju ewédú lọ.

A tún rọ̀ yín pé kí ẹ wá àwọn ẹ̀wà tí ọjà ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé: òtílí, sèsé, àwùjẹ́. Wọ́n máa ń pẹ́ lórí iná, wọ́n sì nílò kí èèyàn rẹ wọ́n mọ́jú, ṣùgbọ́n adùn wọn yàtọ̀, ẹnu kì í sì í tètè sú wọn.

Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti oúnjẹ àárọ̀. Ògì pẹ̀lú àkàrà, ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀wà: a ti ń jẹ wọ́n bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹran kò sí nínú wọn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì mú un dúró. Lẹ́yìn náà, kí ẹ mú oúnjẹ alẹ́: àdàlú, àsáró pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹ̀kuru pẹ̀lú ata díndín, iṣu pẹ̀lú ẹyin díndín. Oúnjẹ ọ̀sán tó ní òkèlè àti ọbẹ̀ ni kó kẹ́yìn, torí pé òun ló nira jù, òun ni ẹran ti gbilẹ̀ jù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ́jọ́ kìíní sábà máa ń padà sídìí ẹran láàárín oṣù kan.

Ẹ má ra ohun tuntun olówó ńlá kankan. Ẹ̀wà, irú, ẹ̀gúsí, ẹ̀pà, olú, ẹ̀fọ́ àti èso ìgbà tó bá wà nílẹ̀ ti tó.

Ọbẹ̀ mi kò dùn mọ́ láti ìgbà tí mi ò ti fi ẹran sí i. Kí ló fà á?

Ohun méjì ni. Omi ẹran ló ń gbé iyọ̀ àti adùn wọnú ọbẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ kò sì fi nǹkan kan dípò, ọbẹ̀ náà á tẹ́. Èkejì, irú tí ẹ ń lò kéré jù. Ṣíbí ìjẹun kan tó ń to ọbẹ̀ ẹlẹ́ran kò lè to ọbẹ̀ tí kò ní ẹran. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́ta.

Ẹ wo ẹ̀fọ́ rírò fún èèyàn mẹ́rin. Ẹ wá ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ ìdì ńlá méjì, tàtàṣé mẹ́rin, ata rodo mẹ́ta, àlùbọ́sà méjì, irú ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ẹ̀gúsí lílọ̀ gíráàmù 80, olú tó kún àwo kékeré kan, epo pupa bí ìdajì ife tíì àti iyọ̀ ṣíbí tíì kan. Ẹ lọ ata náà kó má kúnná, kí ẹ sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ gbé epo kaná, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó funfun: èròjà tó sọ epo ní pupa ni ara ń yí padà sí fítámínì A, iná líle sì ń bà á jẹ́. Ẹ da àlùbọ́sà kan sí i títí etí rẹ̀ á fi pọ́n, kí ẹ da irú sí i, kó dín fún ìṣẹ́jú méjì. Òórùn tó bá jáde nígbà yẹn ni adùn ọbẹ̀ náà. Lẹ́yìn èyí ni ata, kó dín fún ìṣẹ́jú 15.

Ẹ fi omi díẹ̀ àti àlùbọ́sà gígé po ẹ̀gúsí kó ki, kí ẹ máa fi ṣíbí bù ú sórí ata ní ṣíṣù kéékèèké. Ẹ bo ìkòkò, ẹ má rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá tètè rò ó, á fọ́, á sì di ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lásán. Bí ẹ bá ní sùúrù, á dì, eyín á sì rí nǹkan gé. Olú ló kàn, lẹ́yìn náà ẹ̀fọ́ tí ẹ ti bọ̀ tí ẹ sì ti fún omi rẹ̀ kúrò dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó o. Bí omi bá ń sàn lójú àwo, ẹ kò fún ẹ̀fọ́ náà gbẹ ni, tàbí ata yín kò gbẹ.

Olú tí ẹ kò bá mọ̀ dájú, ẹ má ṣa á nínú igbó. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbìn ín.

Báwo ni mọ́ínmọ́ín ṣe lè dùn láìsí ẹja àti edé?

Ẹ fi irú wóró ṣíbí ìjẹun kan sí ẹ̀wà gíráàmù 500, tó fẹ́ẹ̀ tó agolo mílíìkì mẹ́rin. Ẹ rẹ ẹ̀wà náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ bó o, kí ẹ tún rẹ ẹ́ fún wákàtí kan kí ó lè kúnná. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé mẹ́ta, rodo méjì àti àlùbọ́sà méjì. Omi tí ẹ ó lò, àti ti lílọ̀ àti ti pípò, kó máà ju bí ìdajì lítà sí 600 mílílítà lọ. Ẹ fi òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa 100 mílílítà sí i, àti iyọ̀ ṣíbí tíì kan àti àbọ̀, kí ẹ lù ú dáadáa fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó di pé ẹ pọ́n ọn sínú ewé. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan.

Bí kò bá dì, omi ti pọ̀ jù. Bí epo bá lé sókè tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, ẹ kò lù ú tó, tàbí ó jókòó pẹ́ kí ẹ tó pọ́n ọn. Bí ó bá ní kókó, omi tó gbóná jù ni ẹ fi pò ó. Ìwọ̀n yìí á tó mọ́ínmọ́ín mẹ́wàá, pùrótéènì bíi gíráàmù mẹ́wàá ni yóò sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fi ẹyin sí i.

Ẹ̀wà máa ń fún mi ní afẹ́fẹ́ nínú. Ṣé kí n jáwọ́ ni?

Rárá. Àwọn ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ikùn wa kò lè dà. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú ìfun ló ń jẹ wọ́n, afẹ́fẹ́ sì ni wọ́n ń yọ jáde. Ẹ rẹ ẹ̀wà fún wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá, kí ẹ da omi náà nù. Ẹ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún da omi àkọ́kọ́ nù, kí ẹ wá fi omi tuntun sè é títí yóò fi rọ̀ débi pé ẹ lè fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ẹ̀wà líle ń fúnni ní afẹ́fẹ́ ju èyí tó rọ̀ lọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa jẹ ìgbakọ kan lójúmọ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa mu omi dáadáa, torí háríhá tó pọ̀ láìsí omi máa ń fa àìlèyàgbẹ́. Àkàrà, ẹ̀kuru àti mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n ti bó èèpo ẹ̀wà wọn, kì í yọ inú lẹ́nu tó ẹ̀wà sísè.

Káún máa ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń pa fítámínì B1 àti C inú oúnjẹ, ẹni tí ẹ̀wà ti di oúnjẹ rẹ̀ ojoojúmọ́ kò sì yẹ kó fi ìyẹn ṣòfò. Omi rírẹ àti sùúrù sàn jù. Ìkòkò alátẹ́gùn ńkọ́? Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ló máa gbà á.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi oògùn kòkòrò sí ẹ̀wà lọ́jà. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni pé àwọn kan ń ṣe é. Nítorí oògùn kòkòrò dichlorvos tí wọ́n ń bá lára ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà ni àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi dá a dúró ní 2015 pé kó má wọ ilẹ̀ wọn mọ́. NAFDAC náà ti kìlọ̀ léraléra. Ẹ gbóòórùn ẹ̀wà kí ẹ tó rà á. Bí ó bá ń rùn bí oògùn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀wà tí kòkòrò díẹ̀ ti lu kì í ṣe ohun tí ẹ ó bẹ̀rù. Nílé, ẹ fi omi mẹ́ta ṣàn án, kí ẹ rẹ ẹ́, kí ẹ sì da omi rírẹ àti omi sísè àkọ́kọ́ nù. Èyí á dín ohun tó kù lára rẹ̀ kù. Bí ẹ bá ra púpọ̀, ẹ kó o sínú ike tí ìdérí rẹ̀ le pinpin, kó kún dé ẹnu; kòkòrò inú rẹ̀ á kú fún àìrí afẹ́fẹ́.

Kí ni fítámínì B12, kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Òun ni ohun pàtàkì tí oúnjẹ ewéko kò lè fún yín, àfi bí wọ́n bá fi kún un ní ilé iṣẹ́. Ara ń lò ó láti ṣe ẹ̀jẹ̀ àti láti tọ́jú àwọn iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láàárín ara àti ọpọlọ. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 2.4 lójúmọ́. Irú kò tó gbára lé fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ewé èyíkéyìí tí wọ́n bá ń polówó.

Ẹ̀dọ̀ máa ń fi B12 pa mọ́ fún ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí gan-an ló ń tan èèyàn. Ẹni tó fi ẹran sílẹ̀ á ní ara òun le koko fún ọdún méjì, á rò pé ọ̀rọ̀ àsọdùn ni. Lẹ́yìn náà ni ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ń gún un, ahọ́n á pọ́n, á sì máa ta, àárẹ̀ á dé, ìgbàgbé á wọlé. Bí ó bá pẹ́, ohun tó bà jẹ́ nínú iṣan lè má padà bọ̀ sípò mọ́.

Ẹni tó ń jẹ ẹyin méjì (bíi 0.5 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan), tó sì ń mu ife mílíìkì kan (bíi 1.2) lójoojúmọ́ ti súnmọ́ ohun tó nílò, kò sì tíì dé ibẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ wọ́n rárá gbọ́dọ̀ lo oògùn oníhóró: máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́, tàbí 2000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìwọ̀n ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí pé díẹ̀ péré ni ara lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ ṣọ́ra ní kẹ́mísì. Ọ̀pọ̀ oògùn kéékèèké tí wọ́n ń pè ní B-complex kò ní B12 nínú rárá. B1, B2, B3 àti B6 ló wà níbẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí cyanocobalamin tàbí methylcobalamin, tí wọ́n jẹ́ orúkọ B12, ẹ dá a padà.

Ẹ̀jẹ̀ mi ò ní gbẹ báyìí? Ẹ̀fọ́ nìkan ha tó fún ẹ̀jẹ̀ bí?

Èròjà irin tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀wà dáadáa, bíi mílígíráàmù 8 nínú gíráàmù 100 gbígbẹ. Ṣùgbọ́n irin inú ewéko kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni fítámínì C: ọsàn, ìbẹ́pẹ, gúáfà, èso kaṣú, tàbí ata tútù tí iná kò tíì pa. Kaṣú ní C tó pọ̀ ju ọsàn lọ, ẹ má jẹ́ kí ìgbà rẹ̀ kọjá láìjẹ ẹ́. Èso kan lẹ́yìn oúnjẹ ẹ̀wà, kì í ṣe wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń dí i lọ́nà ni tíì, kọfí àti obì. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ.

Ọkùnrin nílò mílígíráàmù 8 lójúmọ́, obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù nílò 18, aboyún 27, ẹni tí kò jẹ ẹran sì gbọ́dọ̀ rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ máa ń pọ̀ gan-an kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ló ti ń rẹ̀ mí. Ṣé ẹran ni ara mi ń béèrè?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ kì í jẹun tó. Ẹ̀fọ́ àti èso máa ń kún inú, ṣùgbọ́n agbára inú wọn kéré. Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan kún un láàárín ọjọ́, kí ẹ sì wò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun kejì ni oúnjẹ àárọ̀: ògì àti ṣúgà nìkan á gbé yín sókè, á sì já yín sílẹ̀ kó tó di aago mọ́kànlá. Ògì kan náà pẹ̀lú àkàrà mẹ́rin á gbé yín dé ọ̀sán. B12 kọ́ ló ń fa àárẹ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, torí pé kì í tètè tán. Bí àárẹ̀ náà bá kọjá oṣù kan, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, torí ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ẹni tó ń yí oúnjẹ padà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe wàrà sóyà nílé?

Beske ni ọ̀pọ̀ ń pè é. Ẹ rẹ sóyà gíráàmù 500 mọ́jú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí gbogbo omi tí ẹ ó lò tó bíi lítà mẹ́rin. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ gbé omi rẹ̀ kaná, ẹ máa rò ó, torí ó máa ń jóná nídìí ìkòkò. Á kọ́kọ́ hó rùkèrùkè bí ẹni pé ó ti jinná. Kò tíì jinná o. Ẹ dín iná kù, kí ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 15 sí i, nítorí sóyà tútù ní èròjà tí kì í jẹ́ kí ikùn lè da pùrótéènì.

Ẹ sọ̀ ọ́, kí ẹ máa bu omi ògì kíkan sí i díẹ̀díẹ̀, bí ìdajì lítà, tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí ẹ ti bu omi là. Bí wàrà bá ti ya sọ́tọ̀ tí omi rẹ̀ sì mọ́, ẹ dúró. Bí ẹ bá fi kún un lẹ́yìn ìyẹn, á kan, á sì máa fọ́. Ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ gbé òkúta lé e fún ìṣẹ́jú 45, kí ẹ tó gé e, kí ẹ fi iyọ̀ àti ata pa á lára, kí ẹ dín in. Èyí tí kò gbẹ tó kí wọ́n tó dín in ló máa ń fọ́ sínú òróró. Ẹ má da èèrí sóyà nù. Ìdá kan rẹ̀ sí ìdá mẹ́ta ẹ̀wà lílọ̀ ń ṣe àkàrà tó dára.

Àwọn èròjà yòókù ńkọ́?

Kálísíọ̀mù: wàrà, mílíìkì, yànmọ̀tí. Ẹ má gbára lé tẹ̀tẹ̀ fún un, torí ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń dè é mọ́lẹ̀. Áyódíìnì: iyọ̀ inú ọ̀rá tí wọ́n ti fi áyódíìnì sí. Ọ̀rá rere tí ẹja ń fúnni, ẹ ó rí ìbátan rẹ̀ nínú asálà. Nígbà òjò tí asálà bá wà lóde, ẹ máa jẹ márùn-ún, mẹ́fà lójúmọ́.

Mo ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo oògùn. Ṣé mo lè ṣe é?

Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí dókítà yín kọ́kọ́ mọ̀. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo glibenclamide, tó wá dín òkèlè kù tó ń jẹ ẹ̀wà, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ó lè pọn dandan kí wọ́n dín oògùn rẹ̀ kù. Metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà mìíràn, máa ń dín B12 kù nínú ara, àní lára ẹni tó ń jẹ ẹran, torí náà ẹni tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ fi oògùn B12 ṣeré. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé sọ ẹ̀fọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, torí fítámínì K inú rẹ̀ ń dí oògùn náà lọ́wọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ gbọ́dọ̀ rí onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn ṣáájú; ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ lè ṣe é ní jàǹbá.

Fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS: fólíìkì tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ lè bo àìtó B12 mọ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè má fi hàn, kí iṣan sì ti máa bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹran, ẹyin àti mílíìkì sílẹ̀ láìlo B12.

Aboyún àti ọmọdé ńkọ́?

Aboyún tó ń jẹ ẹyin àti mílíìkì lè ṣe é, bí kò bá fi oògùn irin, fólíìkì àti B12 sílẹ̀. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú tí kò sì ní B12, ọmọ rẹ̀ kò ní rí i nínú ọmú, ìpalára rẹ̀ sì máa ń tètè dé bá ọmọ ju bó ṣe ń dé bá ìyá lọ.

Ní ti ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ògì lásán kò dára. Àìtó pùrótéènì ni ó ń wú ọmọ lẹ́sẹ̀ tó ń sọ irun rẹ̀ di pípọ́n. Nítorí èyí ni FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Òṣòdì, ṣe gbé ògì sóyà jáde. Nílé, ẹ po ìyẹ̀fun sóyà tí wọ́n ti yan ìdá mẹ́ta mọ́ ògì ìdá méje, kí ẹ sì máa fún un ní ẹyin. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó yọ ẹyin àti mílíìkì kúrò nínú oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún láìjẹ́ pé dókítà ọmọdé ń bójú tó o.

Níbo ni ẹran ti ń fara pa mọ́ ní búkà àti òde ọ̀wàńbẹ̀?

Jọ̀lọ́ọ̀fù òde: omi ẹran. Ọbẹ̀ ọ̀fadà: pọ̀nmọ́ àti ẹran inú. Gbẹ̀gìrì búkà: edé tàbí ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ mọ́ ọn. Ata ẹ̀wà àgànyìn: ẹ béèrè bóyá edé wà níbẹ̀. Mágì kan wà tó jẹ́ ti adìyẹ. Àkàrà ojú ọ̀nà, dòdò, bọ̀ọ̀lì pẹ̀lú ẹ̀pà, àgbàdo sísè pẹ̀lú àgbọn kì í sábà ní ẹran. Lóde, ẹ jẹun díẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ wá béèrè ìrẹsì funfun, dòdò àti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin.

Ìyá mi gbà pé mo ti wọ ẹgbẹ́ kan. Kí ni kí n sọ?

Ẹ má bá màmá jiyàn. Ẹ sọ fún wọn pé, “Ẹ má bínú mà, ara ni mo ń tọ́jú,” kí ẹ sì jẹ oúnjẹ wọn tí kò ní ẹran ní àjẹyó. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ẹ kọ ọwọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ọwọ́ wọn ṣì ń dùn mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ ní kí wọ́n bá yín ro ẹ̀wà, kí wọ́n máà fi edé sí i. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tó jẹ́ ti ìjọ Adventist, ti ń bọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́nà yìí tipẹ́. Ẹ lè fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn.

Òkè òkun ni mò ń gbé. Kí ló yàtọ̀?

Oòrùn. Àjọ ìlera NHS ní Ìlú Ọba ní kí àwa aláwọ̀ dúdú ro ti lílo fítámínì D máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Mílíìkì sóyà àti oúnjẹ àárọ̀ inú páálí níbẹ̀ sábà máa ń ní B12 tí wọ́n fi kún un. Ẹ ka ara rẹ̀. Ní Bahia ní Brazil, acarajé jẹ́ àkàrà wa gan-an, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in, ṣùgbọ́n edé gbígbẹ wà nínú ohun tí wọ́n ń kì sí i láàárín. Ẹ ní kí wọ́n fún yín láìfi nǹkan kan sí i, kí ẹ sì béèrè bóyá edé wà nínú ẹ̀wà lílọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Àyẹ̀wò wo ni kí n ṣe, ìgbà wo sì ni?

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: PCV (tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára hàn), ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá àti ìwọ̀n ara. Bí owó bá wà, kí ẹ fi ferritin kún un, torí òun ló ń sọ irin tó kù ní ìpamọ́. PCV lè dára nígbà tí ìpamọ́ ti ń tán. Ẹ tún wọn ohun gbogbo lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ ṣe àyẹ̀wò B12 lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ sì sọ fún ilé àyẹ̀wò bí ẹ bá ti ń lo hóró rẹ̀, torí ó máa ń gbé èsì náà sókè. Bí ìka bá ń ta tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, ẹ má dúró de ọdún.